Ta Ni Yóò Dúró fún Wọn? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àgbà Ẹgbẹ́ àti Agbára Ọ̀dọ́ ní Èkó

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tí ẹ gba orí afárá Third Mainland wá láti Erékùṣù Èkó ní àárọ̀ Sátidé tí ó yẹ kí ẹ ti máa múra òde, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá láti Àkókà, Bàrígà, Ẹ̀búté Mẹ́ta, Mákòkó àti Ṣómólú, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Òórùn ọbẹ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà n kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn tí wọ́n ti jáde nínú àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé tí kì í wá èrè ṣe lè ró àwọn ọ̀dọ́ lágbára. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi lè ti máa to ìbéèrè rẹ̀. Ní ìlú Èkó yìí, owó kọ́ ni ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń ṣe aláìní. Ẹni tí yóò dúró fún un ni kò ní. Àgbà ẹgbẹ́ tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ti ṣe ju ẹni tí ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́wàá tọrẹ níwájú ayàwòrán lọ. Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Àlàyé ni ìyókù.

Ẹ wo ohun tí a ń pè ní ìrónilágbára ní ìgboro wa. Wọ́n á ta kánópì sí pápá, wọ́n á to ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ àti jẹnẹrétọ̀ kéékèèké sílẹ̀, wọ́n á lẹ àwòrán olóore mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára, wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a wá fún ní ẹ̀rọ, ó yẹ kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ oníbàárà kankan, ẹ̀rọ kò sì lè gbé fóònù nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ gbéṣẹ́ fún ọmọ náà bá ń béèrè pé, “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa? Ṣé ó ṣeé fọkàn tán?” Ènìyàn ni ó lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ọ̀rọ̀ kìíní: àwọn tí wọ́n ti ṣe é ṣáájú wa

Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó kó wa jọ síbí, láti òkèèrè ni wọ́n ti wá. Ní 1915 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Giessenbier kó àwọn ojúgbà rẹ̀ jọ ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni ó di JCI, Junior Chamber International, ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìṣàkóso. Ní 1948, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ jagun ṣì ń fojú burúkú wo ara wọn, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yúróòpù dá AIESEC sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ń rán ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Rotaract, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti Rotary, ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Nítorí èyí, àwọn kan lérò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ń para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan.

Ṣé òtítọ́ ni? Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU, West African Students' Union. Ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọmọ Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, wà níbẹ̀, ọmọ Sierra Leone àti Gambia náà kò gbẹ́yìn. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ni akọ̀wé àgbà wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ó ṣáájú AIESEC pẹ̀lú ọdún mẹ́tàlélógún.

Àgbà kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà dárúkọ, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fojú sí. Dókítà Herbert Bankole-Bright, olóṣèlú láti Freetown, wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún yẹn. Ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ara wọn ní òṣùṣù ọwọ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ṣé ó ní kí wọ́n fi òun jẹ ààrẹ? Rárá o. Láàárín ara wọn ni wọ́n ti yan ààrẹ; J. B. Danquah, akẹ́kọ̀ọ́ láti Gold Coast, wà lára àwọn tí ó jẹ ẹ́. Àgbà náà sọ̀rọ̀ tán, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé ni ó tún ń ni àwọn ọmọ náà lára. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá. Ṣólàńkẹ́ bá wọ ọkọ̀ òkun padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1929, ó sì ń lọ láti ìlú dé ìlú títí di 1932, ó ń kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa kí wọ́n lè ní ilé tiwọn. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Town. Ẹ wo àwọn tí ó dá owó yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fi ẹsẹ̀ kan Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi kú. Ọmọ tí wọn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá ilé dè.

Yábàá tí a wà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìbínú lórí Yaba Higher College, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bá ti yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, wà lára ohun tí ó mú kí J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934. Nígbà tí yóò fi di 1936, ó ti di Nigerian Youth Movement. Ní 1938, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí borí ẹgbẹ́ Herbert Macaulay nínú ìdìbò Èkó, ẹgbẹ́ tí ó ti ń gbégbá orókè láti 1923. Èkó mì tìtì! Kí ni ó wá pa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìjà àga ni. Àga kan ṣófo ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1941, Akínsànyà àti Ikoli, àwọn méjì tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, jọ fẹ́ ẹ, ẹgbẹ́ sì fọ́. Kò padà rí bí ó ti rí mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: àga, àti ẹni tí ó ti dìde lórí rẹ̀

Àwọn ẹgbẹ́ wa gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ àga. Nínú JCI, nínú Rotaract, nínú AIESEC, ọdún kan ni ààrẹ ń lò. Bí o ṣe é dáadáa, ọdún kan. Bí o kò ṣe é dáadáa, ọdún kan náà ni. JCI tún fi ọjọ́ orí dí i: láti ọdún 18 sí 40. Rotaract náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ni òpin, ṣùgbọ́n ní 2020 ni Rotary mú un kúrò.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Rotaract wà níjòókòó, ẹ má bínú sí mi. Ti JCI ni mo fara mọ́ jù. Mo gbọ́ àwíjàre tí ó wà nídìí àyípadà yẹn, pé kí ẹgbẹ́ má baà máa lé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́ dànù, ó sì ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọmọdé ti ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà kí ó tó lè sọ pé òun kò fara mọ́ ohun tí wọ́n wí, bí ẹni àádọ́ta ọdún bá bá ẹni ogún ọdún jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan náà, ohùn ta ni yóò borí? Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Òfin tí ó ní kí àgbà dìde ni ó ń fún ọmọ láyè láti sọ̀rọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ náà ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni a fọwọ́ sí òfin tí ó dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò kù, tí ọmọ ọdún 25 fi lè wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, tí ẹni 35 sì lè du ipò ààrẹ. Òfin ti sọ tirẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú náà ń sọ tirẹ̀.

Ó wá kù kí a béèrè pé, ṣé gbogbo ẹni tí ó dìde lórí àga ni ó dìde ní tòótọ́? Ẹgbẹ́ kan wà ní apá Mainland níbí tí n kò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n yàn sípò ààrẹ. Wọ́n gbé ṣéènì oyè kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Ó dé báńkì ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sọ fún un pé àwọn méjì tí ń fọwọ́ sí owó ẹgbẹ́ kò tíì yí padà. Ọ̀kan ti jápa sí Kánádà, èkejì wà ní Manchester. Báńkì fẹ́ lẹ́tà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, wọ́n fẹ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yan àwọn tuntun, wọ́n sì fẹ́ nọ́ńbà BVN àwọn tuntun. Lẹ́tà ni ó sé wọn mọ́. Ẹni Kánádà ní òun yóò fọwọ́ sí i bí òun bá ti ráyè. Ẹni Manchester dáhùn ní tirẹ̀ pé, “Kí ni ẹ tiẹ̀ fẹ́ fi owó náà ṣe?” Ẹ gbọ́ o: owó tí kì í ṣe tirẹ̀, nínú ẹgbẹ́ tí ó ti fi sílẹ̀, ní ìlú tí kò gbé mọ́! Ọdún náà ti ń lọ sópin kí báńkì tó rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà. Àyẹ̀wò ojú tí wọ́n pinnu láti ṣe fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Òyìngbò, owó àpò ara wọn ni àwọn ọmọ náà fi ṣe é, wọ́n sì dín in kù débi pé àwọn ìyá tí ó tò sẹ́yìn padà sílé láìrí dókítà.

Arákùnrin Manchester yẹn kò jí kọ́bọ̀. Kódà, ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn dọ́kàn. Bí ẹ bá rí i níbi àsè ọdọọdún, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde kọ orin ẹgbẹ́. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù. Ó sì tún ní irú kejì, àwọn tí ó jẹ́ pé àsè yẹn nìkan ni a ti ń rí wọn: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín.

Mo fẹ́ràn bí Junior Achievement, ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní òwò, ti ń ṣe tiwọn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1919, Simi Nwogugu ni ó sì gbé e wá sí Nàìjíríà ní 1999. Nínú ètò wọn kan, àwọn ọmọ ilé ìwé girama ni yóò dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Wọ́n á yan ọ̀gá àgbà láàárín ara wọn, wọ́n á ta ìpín ìdókòwò fún àwọn òbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n á ṣe ọjà, wọ́n á tà á, wọ́n á kọ ìwé owó. Nígbà tí ó bá parí, wọ́n á san owó àwọn tí ó dókòwò padà pẹ̀lú èrè bí èrè bá wà, wọ́n á sì pa ilé iṣẹ́ náà dé. Àgbà kan láti ìdí iṣẹ́ ajé yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni wọ́n ni ìpinnu. Bí wọ́n bá jèrè, àwọn ni. Bí wọ́n bá pàdánù, àwọn náà ni. Ọmọ tí kò tíì kọ ìdánwò WAEC ni a ń sọ o, kì í ṣe ẹni tí ó ti gboyè tí a ṣì ń fi ìwé owó pamọ́ fún.

Ìdí tí mo fi dúró pẹ́ níbí kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọ tí a kò bá fi iṣẹ́ gidi lé lọ́wọ́, a kò lè mọ ìwà rẹ̀. Bí o kò bá sì mọ ìwà rẹ̀, kí ni o fẹ́ fi dúró fún un?

Ọ̀rọ̀ kẹta: fọ́ọ̀mù onídùúró

Èyí ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti lè gbàgbé fọ́ọ̀mù yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ojú ìwé méjì ni, nígbà mìíràn ẹyọ kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, onídùúró yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, yóò kọ iye ọdún tí ó ti mọ ẹni tí ń wáṣẹ́, yóò lẹ fọ́tò pélébé rẹ̀ mọ́ igun, yóò kọ àdírẹ́sì ilé àti ti ibi iṣẹ́, yóò sì so ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ àti bíìlì iná mọ̀nàmọ́ná mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ tí ń lé ènìyàn sá wà: pé bí ọmọ yìí bá kówó lọ, tàbí ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú dúkìá wọn, èmi onídùúró ni n ó dáhùn. Ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gba òbí tàbí ẹ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti dé ipò kan ni wọ́n fẹ́, tàbí òṣìṣẹ́ báńkì, tàbí ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀, nítorí pé wọn yóò rán ènìyàn lọ wo àdírẹ́sì náà kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé.

Ní báyìí, ẹ mú ọmọ Mákòkó kan. Ó ti jáde ní Yabatech, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì yege. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré, tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìwà rẹ̀, ta ni wọ́n? Alágbàfọ̀, awakọ̀ ojú omi, ìyá ẹlẹ́ja yíyan, wòlíì ìjọ wọn. Ilé iṣẹ́ kò ní gba ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn tí ilé iṣẹ́ yóò gbà, wọn kò mọ ọmọ náà rí. Ọmọ Ìkòyí tí wọ́n jọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńkọ́? Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ méjì ti fọwọ́ sí tirẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó tutù.

Mo mọ ọ̀dọ́ kan tí ó san owó fún àjèjì pátápátá kí onítọ̀hún lè bá a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Irọ́ ni ó fi wọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣe láyé rẹ̀. Ta ni kí a dá lẹ́bi? Ọmọ yẹn ti ṣe akápò nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ wa. Ọdún kan gbáko ni owó wa fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dín. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí ọ́fíìsì wọn wà ní Marina àti Broad Street rí ìwé ìṣírò rẹ̀, wọ́n yìn ín. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, “Ìwọ, kí ni ó kù tí o nílò?” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà o. A wà níbẹ̀ digbí.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti mọ èyí tipẹ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Muṣin kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí onídùúró tí yóò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, onídùúró náà ni ọ̀gá yóò sì ránṣẹ́ pè bí ọmọ bá ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ń ṣe fíríídọ̀mù ọmọ náà, àyè onídùúró wà ní iwájú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún ni pé kí àwa àgbà ẹgbẹ́ tí a ń gbé Èkó gba iṣẹ́ onídùúró bí iṣẹ́ ẹgbẹ́, kí a ní ìwé tí orúkọ wa wà nínú rẹ̀, kí ọ̀dọ́ tí ó ti sìn wá lè mọ ẹni tí òun lè tọ̀ lọ láìṣe pé ó ń tọrọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, àdírẹ́sì yín kò ní wúlò fún fọ́ọ̀mù Èkó, ṣùgbọ́n AIESEC àti JCI wà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 100 lọ, ẹ sì mọ àwọn tí a kò mọ̀. Lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yunifásítì, ìpè kan ṣoṣo sí ẹni tí ń gba òṣìṣẹ́, ó tó. Àwọn tí wọ́n ti bá Teach For Nigeria ṣe olùkọ́ fún ọdún méjì náà wà láàárín wa. Láti 2017 ni ètò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ níbí, wọ́n sì ti dúró níwájú àwọn ọmọ ní ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ wa kò ní lè wọ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ó mọ ọmọ mẹ̀kúnnù ní orúkọ àti ní ìwà, àwọn ni kí ẹ bi.

Mo mọ ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn yín: bí ọmọ bá sá lọ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi àdúrà dá a lóhùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan, ọlọ́pàá sì ti wá sílé wọn. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró fún ọmọ tí kò bá tíì rí iṣẹ́ rẹ̀ fún odidi ọdún kan nínú ẹgbẹ́. Ọmọ pásítọ̀ ni o, ọmọ ọ̀rẹ́ ni o, kò kàn án. Kí àgbà méjì jọ fọwọ́ sí i fún ọmọ kan, kí ẹrù náà má baà wọ ẹnìkan lọ́rùn, kí wọ́n sì máa pe ọmọ náà àti ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù láti ìgbà dé ìgbà ní ọdún àkọ́kọ́. Àwọn kan ti dábàá pé kí ẹgbẹ́ ya owó sọ́tọ̀ tí a ó fi san gbèsè bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí àgbà bá ti mọ̀ pé owó ẹlòmíràn ni yóò san, kò ní wo ọmọ náà dáadáa kí ó tó fọwọ́ sí i. Ẹ lè bá mi jiyàn lórí èyí.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé nítòsí ilẹ̀kùn. Ibi tí a ó kọ orúkọ sí wà níbẹ̀, ibi iṣẹ́, àti iye ọmọ tí ẹ lè dúró fún lọ́dún. Ẹyọ kan kò kéré. Mo ti kọ tèmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ tọ àgbà kan lọ, ẹ mú ìwé iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú ẹgbẹ́ dání, ìwé ìṣírò owó, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ ọwọ́ yín ni ó kọ ọ́. Alága, mo rí ọwọ́ tí ó ti nà sókè láti àárín àwọn ọmọ Rotaract. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òpin ọjọ́ orí ogójì ọdún yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ wọn. Ẹ ṣeun.